Ìjì Ṣí Òrùlé Lọ, Ṣé Ìnṣọ́ránsì Máa San?

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí ò fi ojú rere wọ Abẹ́òkúta rárá. Lẹ́tà tó wọlé sọ́dọ̀ wa lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọ̀rọ̀ òrùlé ló kún inú ẹ̀, ó sì yà wá lẹ́nu pé àwọn tó ní ìnṣọ́ránsì pọ̀ díẹ̀ nínú wọn, ọ̀pọ̀ ni ò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń gba owó ẹ̀. A mú márùn-ún jáde, a gé àwọn tó gùn kúrú, a sì yọ orúkọ kúrò.

Ìbéèrè láti Ọbáńtòkó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ wa. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìntì. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó kọjá ni ìjì kan jà, òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá tó ti gbé ìdajì òrùlé ilé mi, lọ́ńgísípáànù ni, ó lọ já a lé mọ́tò aládùúgbò mi lórí. Lẹ́yìn ìyẹn lòjò wá dé, síìlìn já, bẹ́ẹ̀dì rin, tẹlifíṣọ̀n rin. Mo ní ìnṣọ́ránsì ilé, éjẹ́ǹtì kan ló tà á fún mi, mo sì ń san án lọ́dọọdún. Káfíńtà mi ní ká tú gbogbo ẹ̀ dànù ká kan tuntun, àwọn tó ń ra irin àlòkù náà ti wá ná páànù tó já. Ọmọ mi tó wà n'Íbàdàn ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan títí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì á fi wá. Òjò ò dúró, aládùúgbò ń bínú. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Ìdáhùn

Mọ́mì, ẹ kú ewu o, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Káfíńtà yín ò jàre tán, ọmọ yín náà ò jàre tán. Ẹ ta tápólì bo ibi tó ṣí yẹn lónìí, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni, torí ìwé ìnṣọ́ránsì máa ń sọ ọ́ pé ẹni tí òfò ṣe gbọ́dọ̀ sa ipá ẹ̀ kí òfò náà má gbilẹ̀ sí i. Tí òjò ọ̀sẹ̀ méjì bá tún wá wọ inú ògiri, wọ́n lè sọ pé ti ìjì làwọn máa san, ti ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ọwọ́ yín ni. Owó tápólì àti owó iṣẹ́ tí ẹ san fún ẹni tó ta á, ẹ gba rìsíìtì ẹ̀, ẹ máa fi kún ohun tí ẹ ń béèrè.

Àmọ́ kí káfíńtà tó gun òkè, fótò ni kó ṣáájú. Ẹ ní kí ọmọ ọmọ yín kan fi fóònù ya fídíò, kó máa rìn yí ilé ká, kó máa dárúkọ ọjọ́ àti aago bó ṣe ń yà á, kó ya ibi tó ṣí, kó ya páànù níbi tó já sí lórí mọ́tò, kó ya igi tó wó ládùúgbò àti ilé mìíràn tí ìjì náà bà jẹ́, kó tó wá wọ inú ilé lọ ya síìlìn, bẹ́ẹ̀dì, àti ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n níbi tí nọ́ńbà ẹ̀ wà. Àwọn tó ń ra irin yẹn, ẹ lé wọn lọ. Páànù tó já, pákó tó kán, ìṣó tó tẹ̀, ẹ̀rí yín nìyẹn, ẹ kó wọn jọ sí ẹ̀yìnkùlé títí wọ́n á fi wá wò ó. Yàtọ̀ sí pé ẹ̀rí ni, ilé-iṣẹ́ náà lẹ́tọ̀ọ́ láti ka iye tí páànù àlòkù náà tó, tí ẹ bá ti tà á, ẹ ti dá ẹjọ́ kan sílẹ̀ fúnra yín.

Ẹ sọ fún wọn ní kíá, èyí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kùnà níbẹ̀. Pé ẹ pe éjẹ́ǹtì lórí fóònù, tó ní "Màmá, mo ti gbọ́, màá bá wọn sọ̀rọ̀", ìyẹn ò tó. Ilé-iṣẹ́ fúnra ẹ̀ ni kí ẹ kọ̀wé sí, ní ímeèlì tàbí ní ọ́fíìsì wọn, àwọn kan nínú wọn ní ẹ̀ka ní Òkè-Ìlèwó tàbí Ìbarà, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ nọ́ńbà ìwé ìnṣọ́ránsì yín, àdírẹ́sì ilé, ọjọ́, aago, àti ohun tí ẹ fi ojú yín rí. Ohun tí ẹ rò pé ó fà á, ẹ má kọ ọ́. Bí nǹkan ṣe tẹ̀ lé ara wọn ni kí ẹ kọ dáadáa, pé ìjì ló kọ́kọ́ ṣí òrùlé, pé ibi tó ṣí yẹn ni òjò gbà wọlé, torí ọ̀pọ̀ ìwé ìnṣọ́ránsì ò ní san owó omi òjò tó wọlé bí kò bá jẹ́ ìjì ló kọ́kọ́ la ọ̀nà fún un.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí ìwé náà. Mo mọ̀ pé inú àpótí ló wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó o fún yín, kò sẹ́ni tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n to àwọn ewu sí. Tó bá jẹ́ ìnṣọ́ránsì iná lásán lẹ rà, iná, mànàmáná àti ìbúgbàù ló wà nínú ẹ̀, ìjì ò sí níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá fi ohun tí wọ́n ń pè ní special perils kún un, ìyẹn ló ń kó ìjì, àkúnya omi, rúkèrúdò àti ọkọ̀ tó ya lu ilé. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní householder ni, ìjì sábà máa ń wà nínú ẹ̀. Àwọn éjẹ́ǹtì kan á sọ pé "gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀, Mọ́mì", ẹ má bá wọn jiyàn, ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni kí ẹ kà. Ẹ tún wò ó bóyá ilé nìkan lẹ kọ síbẹ̀ ni, tàbí ilé pẹ̀lú ẹrù. Síìlìn, ara ilé ni, bẹ́ẹ̀dì àti tẹlifíṣọ̀n, ẹrù ni, owó tí wọ́n kọ fún méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan.

Wọ́n á wá rán ẹnì kan sí yín, loss adjuster ni wọ́n ń pè é. Ilé-iṣẹ́ ló ń san owó iṣẹ́ fún un, àmọ́ iṣẹ́ ẹ̀ ni kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ kó sì kọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ fún un lómi mu, ẹ má fún un lówó. Ohun tó ń wá ò ju ẹyọ kan lọ, ṣé ìjì ló gbé òrùlé yìí àbí ọjọ́ ti lọ lórí ẹ̀? Á gun òkè, á wo pákó bóyá ikán ti jẹ ẹ́ tàbí ó ti rà, á wo ìṣó bóyá ó ti dípẹtà. Owó ìjì ni wọ́n ń san, wọn kì í san owó ìpẹtà àti ikán. Nítorí náà, ẹ wá rìsíìtì ìgbà tí ẹ kan òrùlé náà jáde, àti ti ìgbà tí ẹ fi solignum, oògùn ikán, kun pákó, àti ti káfíńtà tó tún un ṣe gbẹ̀yìn, títí kan ọ̀rọ̀ tí ẹ bá a sọ lórí WhatsApp. Tó bá ṣẹlẹ̀ pé wọ́n ń jiyàn pé ìjì ò jà lọ́jọ́ yẹn, NiMet, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń wo ojú ọjọ́, lè kọ̀wé nípa bí ojú ọjọ́ ṣe rí, fótò ilé àwọn aládùúgbò náà á sì kín in lẹ́yìn.

Iye owó àtúnṣe ńkọ́? Ẹ gba a lọ́wọ́ káfíńtà méjì, kó wà lórí ìwé, kí wọ́n tú u palẹ̀, páànù mélòó, ṣé èyí tó nípọn tó 0.45mm ni àbí 0.55mm, pákó mélòó, owó ọkọ̀, owó iṣẹ́. Irú èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ béèrè o. Ẹ má gbọ́ ti káfíńtà tó bá ní kí ẹ lo àǹfààní yìí láti fi èyí tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ lé lórí rọ́pò ẹ̀, tàbí kí ẹ bu owó kún un torí pé "ìnṣọ́ránsì ló ń san". Ìwé tí wọ́n bá rí irọ́ nínú ẹ̀, wọ́n lè kọ gbogbo ẹ̀ pátá, títí dórí èyí tó jẹ́ òótọ́.

Ó wá ku aládùúgbò yín. Ẹ lọ kí i, ẹ bá a kẹ́dùn, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ má kọ ìwé kankan fún un pé ẹ máa tún mọ́tò ṣe, ẹ má sì fi ẹnu ṣèlérí. Ìjì ló gbé páànù, ẹ̀yin kọ́ lẹ jù ú, kí òfin tó lè sọ pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi, wọ́n ní láti fi hàn pé ẹ mọ̀, tàbí pé ó yẹ kí ẹ mọ̀, pé òrùlé ti ń mì tẹ́lẹ̀ tí ẹ fọwọ́ lẹ́rán. Kó kọ ohun tó fẹ́ sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì yín, kí wọ́n wò ó bóyá apá tó ń dáhùn fún ìpalára ẹlòmíì wà nínú ohun tí ẹ rà. Tí mọ́tò tiẹ̀ bá ní ìnṣọ́ránsì kọmpríhẹ́ńsíìfù, ọ̀dọ̀ àwọn yẹn ló ti máa yá a jù.

Ìbéèrè láti Aṣèrò

Ṣé olè kọ́ làwọn èèyàn yìí báyìí? Ìjì ba òrùlé mi jẹ́, wọ́n wá wò ó, wọn ò jiyàn pé ìjì ni. Káfíńtà gbà á ní ₦4,500,000, wọ́n ní mílíọ̀nù kan lé díẹ̀ làwọn máa san. Wọ́n ti fi ìwé ránṣẹ́ pé kí n sáìnì kí wọ́n lè san án. Lọ́dún 2019 tí mo rà á, ₦20 mílíọ̀nù ni wọ́n kọ pé ilé náà tó, mi ò sì jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀.

Ìdáhùn

Ọ̀gá mi, ẹ má tíì pè wọ́n lólè, ẹ má sì tíì sáìnì. Ohun tí wọ́n ṣe fún yín lórúkọ, average ni wọ́n ń pè é, ó sì wà nínú ìwé tí ẹ gbà. Ó dà bí ẹni tó ń dá ₦1,000 nínú àjọ tí àwọn tó kù ń dá ₦3,000, tó bá kàn án, kò lè kó iye tí wọ́n kó. Irú ilé yín yẹn, láti 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo tí náírà náà sì já wálẹ̀, ẹ wo iye tí sìmẹ́ńtì dà, ẹ wo iye tí páànù dà. Ká ní ₦60 mílíọ̀nù ni wọ́n máa fi kọ́ ọ lónìí, ₦20 mílíọ̀nù tó wà nínú ìwé yín jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́ta náà ni wọ́n máa san nínú òfò yòówù tó bá ṣe é, ìyẹn ₦1,500,000 nínú ₦4,500,000. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yọ excess, iye tí ẹ̀yin fúnra yín gbà láti fara mọ́ nínú gbogbo òfò, ká ní ₦100,000 ni, ó ku ₦1,400,000. Tí ìwé yín ò bá sì jẹ́ èyí tó ń san iye ohun tuntun, wọ́n á tún yọ ti pé òrùlé náà ti lo ọdún díẹ̀.

Ibi tí ẹ ti lè bá wọn fà á rèé. Ẹ ní kí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe ṣírò ẹ̀ ránṣẹ́, níkọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo iye tí wọ́n ní ilé yín tó. Owó tí wọ́n máa fi tún ilé kọ́ ló yẹ kí wọ́n lò, kì í ṣe iye tí ẹ lè tà á ní Aṣèrò, torí ilẹ̀ wà nínú iye títà, ìjì ò sì gbé ilẹ̀ lọ. Ẹ mú quantity surveyor, ẹni tó ń ṣírò owó ilé kíkọ́, tàbí ẹni tó ń díyelé ilé tó níwèé àṣẹ lọ síbẹ̀. Tí ẹni yẹn bá fi hàn pé ₦45 mílíọ̀nù ni àtúnkọ́ ẹ̀ kì í ṣe ₦60 mílíọ̀nù, owó yín ti di ₦2,000,000 kí wọ́n tó yọ excess. Ẹ rí i pé ó tó ohun tí èèyàn ń jà fún.

Ìwé tí wọ́n ní kí ẹ sáìnì yẹn, discharge voucher ni. Ẹ kà á dáadáa, tí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó yìí ni àsanparí, ọjọ́ tí ẹ bá sáìnì ẹ̀ lọ̀rọ̀ tán. Tó bá jẹ́ bróókà ló bá yín ra ìnṣọ́ránsì náà, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó bá yín jà, ẹ pè é kó wá ṣe é, ó ti jẹ nínú owó yín. Tí ilé-iṣẹ́ bá kọ̀ tí wọn ò sọ ìdí, tàbí tí wọ́n kàn ń dá yín dúró, ẹ kọ ẹjọ́ wọn lọ sí NAICOM, àjọ ìjọba tó ń darí ìnṣọ́ránsì, Àbújá ni olú iléeṣẹ́ wọn wà, wọ́n ní ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn oníbàárà, òfin sì ti wà lẹ́yìn wọn, Ààrẹ Tinúbú buwọ́ lu tuntun lọ́dún 2025 tó rọ́pò ti 2003. Ẹ kó gbogbo lẹ́tà àti ímeèlì yín pa pọ̀ kí ẹ tó kọ ọ́, ẹjọ́ tí kò ní ìwé lẹ́yìn kì í rìn jìnnà níbẹ̀.

Tó bá di ìgbà tí ẹ máa sanwó ọdún tó ń bọ̀, ẹ gbé iye ilé yẹn sókè. Owó tí ẹ ń san lọ́dún á gòkè díẹ̀, mo mọ̀.

Ìbéèrè láti Láfẹ́nwá

Ẹ̀gbọ́n, yàrá àti pálọ̀ ni mò ń gbé. Òrùlé ń jò, ó ti ba láptọ́ọ̀pù mi jẹ́. Láńlọ́ọ̀dù ní tí ó bá ká mi lára kí n lọ ṣe ìnṣọ́ránsì ilé náà fúnra mi. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ìdáhùn

Àbúrò, ó kàn ń fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Òrùlé kì í ṣe tìẹ, òfò ẹ̀ ò sì kàn ẹ́ bó ṣe kan onílé, torí náà òun ló lè fi ìnṣọ́ránsì bò ó. Ìwọ lè ṣe ti ẹrù ẹ, láptọ́ọ̀pù, fíríìjì, aṣọ, ó sì dáa kó o ṣe é. Àmọ́ má retí kí wọ́n san owó láptọ́ọ̀pù tí òjò tó ń ti ihò àtijọ́ jò lé lórí bà jẹ́, ìyẹn kì í ṣe ìjì, àìtúnlé ṣe ni. Kọ lẹ́tà sí láńlọ́ọ̀dù, fi fótò síbẹ̀, tọ́jú ẹ̀dà ẹ̀, kó o wo àdéhùn ilé tó o sáìnì bóyá wọ́n kọ ọ́ pé òun ló ń tún òrùlé ṣe. Kó o tó ṣe èyíkéyìí nínú ẹ̀, gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò lábẹ́ ibi tó ń jò.

Ìbéèrè láti Ìtòkò

Ilé bàbá wa ni, páànù àtijọ́. Bàbá jáde láyé lọ́dún 2021. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ló ń san ìnṣọ́ránsì ẹ̀ lọ, orúkọ bàbá ló ṣì wà lórí ìwé. Ní báyìí tí ìjì ti gbé òrùlé, ẹbí ń jà lórí ẹni tó máa gba owó, ẹnì kan tiẹ̀ ní ká fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà ní orúkọ bàbá.

Ìdáhùn

Ẹ sọ fún ẹni tó mú ìmọ̀ràn ìgbẹ̀yìn yẹn wá pé ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ síwèé fún òkú.

Ìròyìn tó dáa díẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ìwé ìnṣọ́ránsì iná àti ilé ló gbà pé tí ilé bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì nípa ìwé ìhágún tàbí nípa òfin ogún, ìnṣọ́ránsì ò kú. Bí ẹ bá tà á ni ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Àmọ́ ẹ lọ sọ òótọ́ fún ilé-iṣẹ́ náà lónìí, ẹ mú ìwé ẹ̀rí ikú dání, ẹ sọ ẹni tó ń sanwó láti ìgbà náà, kí wọ́n má lọ fúnra wọn rí i, kó dà bí ohun tí ẹ fi pa mọ́. Wọ́n á béèrè ìwé ìhágún tí kóòtù ti fọwọ́ sí, tàbí ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún láti kóòtù gíga, àwọn tí orúkọ wọn bá wà lórí ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ mọ̀, yálà àgbà ni wọ́n tàbí àbíkẹ́yìn. Bí ẹ ò bá tíì gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti 2021, ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ báyìí pẹ̀lú lọ́yà, ó máa ń pẹ́, kí ẹ má sì dúró de ìyẹn kí ẹ tó fi òfò tó ilé-iṣẹ́ létí.

Rìsíìtì owó tí ẹ̀gbọ́n ń san, ẹ kó o síta, ní pàtàkì ti ọdún yìí. Kò sí owó, kò sí ààbò, bí òfin ìnṣọ́ránsì ṣe rí nílẹ̀ yìí nìyẹn, láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013 sì ni NAICOM ti ń fọwọ́ líle mú un. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n san án lẹ́yìn ìjì, ẹ má da ara yín láàmú.

Ẹ sì má retí owó òrùlé tuntun. Páànù aláwọ̀ ilẹ̀ táwọn àlejò máa ń ya fótò ẹ̀ látorí Òkúta Olúmọ yẹn, ó rẹwà lójú wọn, àmọ́ ìpẹtà ni lójú loss adjuster, á yọ owó ọdún tó ti lò kúrò, ó sì lè pọ̀. Ilé-iṣẹ́ náà sì lè ní àwọn máa tún un ṣe fúnra wọn dípò kí wọ́n san owó, ó máa ń wà nínú àdéhùn. Pẹ̀lú irú ìjà tó wà nínú ẹbí yín yìí, èmi ì bá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè láti Oníkólóbó

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sólà mẹ́jọ sórí òrùlé mi. Ṣé ó kan ìnṣọ́ránsì ilé tí mo ní?

Ìdáhùn

Ó kàn án gan-an. Wọ́n ti lu òrùlé yín níhò, wọ́n ti gbé ẹrù lé e, ìjì sì ń rí nǹkan dì mú níbẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ìjì tó dé. Ẹ kọ̀wé sí wọn, ẹ fi rìsíìtì àti orúkọ ẹni tó gbé e sókè síbẹ̀, kí wọ́n fi iye sólà náà kún iye ilé, bátìrì àti inverter tó wà nínú ilé náà, kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n kà á sí, ara ilé ni àbí ẹrù. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìwé endorsement tó sọ pé wọ́n ti fi kún un, "a ti gbọ́" tí wọ́n sọ lórí fóònù ò tó.